Ìgbésẹ̀ Karùn-ún

Mo yọ ìgbésẹ̀ karùn-ún kúrò nínú ìwé mi láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ṣì wà nídìí tíì wọn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo pa ìlà kan rẹ́, mo sọ ìkẹfà di ìkarùn-ún, mo sọ ìkeje di ìkẹfà, mo sì tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ihò náà kò hàn rárá. Ẹni tó bá kàn fi ojú kà á lásán á rò pé ó pé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe ohun tó wí nìkan ni yóò débi tí nǹkan ò ti ní lọ mọ́, tí yóò sì la ẹnu béèrè.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́.

Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìwé Ìlànà tó wà ní Ìlú Tuntun, ìbéèrè ni wọ́n fi ń wọ̀n wá. Iná mẹ́ta ló wà lókè yàrá ìdánwò. Ẹni tí wọ́n bá mú wá láti dán ìwé wò á jókòó sábẹ́ wọn, á máa ka ìwé sókè, á sì máa ṣe ohun tó kà. Ẹ̀rọ kan wà nínú àjà tí à ń pè ní Òṣùwọ̀n, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá náà ló ń gbọ́. Bí olùdánwò bá béèrè ohunkóhun, Òṣùwọ̀n á tan iná kan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn, ìwé ti ṣubú, ẹni tó kọ ọ́ náà ti ṣubú. Wọ́n á gba aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ ewé lára rẹ̀, ọkọ̀ á sì gbé e lọ sí oko eruku, níbi tí wọ́n ti ń gbá yanrìn kúrò lórí páànù oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi Ṣọlápé wà níbẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ìlà méjì péré ni, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ṣubú, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ á dúró fún odindi ọdún kan, títí ìdánwò mìíràn á fi dé. Òfin ni. Ìjọba kì í gbé ìwé tó ń bí ìbéèrè jáde. Ọdún kan yẹn ni mo fẹ́ gbà fún wọn nílé, kí wọ́n máa mú èmi lọ sí oko eruku.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Bí Ẹ Ó Ṣe Dá Àpótí Mímí Yín Padà". Gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní Òkè-Agbọ̀nrín àti àwọn abúlé tó yí i ká ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ẹgbàajì ilé. Àpótí ò tó mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Ìlú Tuntun ni wọ́n fẹ́ kó o fún. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé tí kò lọ mọ́, kò sí àgbàlagbà tó lè gbé oṣù méjì láìsí àpótí mímí. Ọmọdé lè fi aṣọ tútù bo imú kó máa húkọ́ kiri, àyà àgbà kò gba bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. A kì í sọ ọ́ ni, nítorí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé ìdí kò sí nínú ìwé ìlànà, ìgbésẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Òkè-Agbọ̀nrín ni wọ́n ti tọ́ mi. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí mímí wọn tó ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo rí orúkọ ìlú náà lórí bébà, mo lọ bá Ọ̀gá Adéṣíyàn, olùkọ́ wa, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi níṣẹ́ mìíràn.

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹniìtàn, bí o ò bá kọ ọ́, Bádéjọkọ́ á kọ ọ́. Ṣé Bádéjọkọ́ lo fẹ́ kó kọ̀wé sí àwọn èèyàn rẹ?"

Bádéjọkọ́, ẹlẹgbẹ́ mi, máa ń kọ̀wé bí ẹni ń ju òkúta lu ewúrẹ́. Mo dìde, mo lọ kọ ọ́.

Mo mọ̀wé kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìtijú, torí òun ló kó bá mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ dé, Ọ̀gá Adéṣíyàn ní kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún kọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ. A rẹ́rìn-ín. Ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ? Wọ́n gbé ọmọláńgidi kan sórí tábìlì, wọ́n mú ọ̀já dání, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí oníkálukú kọ, láìfi ọgbọ́n tiwọn kún un. Ẹni tó kọ "gbé ọmọ sẹ́yìn" rí i tí ọ̀gá gbé ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àga. Ẹni tó kọ "so ọ̀já" rí i tí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún ni ọmọ já bọ́ lọ́jọ́ náà. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Tèmi nìkan ni kò já bọ́.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Bí Màmá Àgbà ṣe kọ́ mi ni mo kọ sílẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n, wọ́n sì lè tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ kí wọ́n tò ó padà láìjẹ́ pé síkúrù kan ṣẹ́kù sílẹ̀. Gbogbo àpótí mímí tó bá bàjẹ́ ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e wá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ́ èèyàn níṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀: "Jókòó ná. Iṣẹ́ kì í sá." Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò ní sọ èkejì títí ọwọ́ rẹ á fi mọ èkíní. Bí o bá sì béèrè, inú wọn á dùn. Wọ́n ní ẹni tí kò béèrè ti fẹ́ ba aṣọ jẹ́.

Ọdún méjì ni Ọ̀gá Adéṣíyàn fi gé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu mi. Wọ́n ní kí n yọ "bóyá". Mo yọ ọ́. Wọ́n ní kí n yọ "nítorí". Mo yọ ọ́. Wọ́n ní kí n yọ ìkíni, pé ìkíni kì í ṣe iṣẹ́. Mo jiyàn díẹ̀ lórí ìyẹn, mo ní àwọn àgbà ni yóò kà á, a kì í sì í dédé já lu àgbà láìkí wọn.

Ọ̀gá ní, "Ìwé tó dáa, omi tútù ni. Èèyàn á ti mu ún tán kó tó rántí béèrè ẹni tó pọn ọ́n."

Mo yọ ìkíni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni ìlà àkọ́kọ́ ìwé àpótí mímí náà: Ẹ jókòó ná. Iṣẹ́ kì í sá. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló yìn ín nígbà tí mo fi ìwé náà hàn án, ó ní ó ń pẹ̀tù sí ọkàn ẹni tó ń kà á. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ inú mi dùn gan-an.

Ní agogo mẹ́wàá, èmi àti Ọ̀gá Adéṣíyàn dúró lẹ́yìn dígí. Àwa ń rí yàrá ìdánwò, a sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ò lè rí wa, ohùn wa ò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó kọ̀wé kì í sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mo ti múra sílẹ̀. Mo ti di ẹrù mi sínú àpò kan, mo ti fi wàláà ìkọ̀wé mi ta Bádéjọkọ́ lọ́rẹ.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Òṣùwọ̀n ní, "Olùdánwò: Rẹ̀mílẹ́kún Abọ́dúnrìn. Ọjọ́ orí: mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìwé wà lórí tábìlì. Bẹ̀rẹ̀."

Màmá Àgbà wọlé.

Gèlè aláwọ̀ àyìnrín tí wọ́n máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wé. Àpótí mímí wọn wà ní ìbàdí, wọ́n fi ọ̀já so ó, rọ́bà rẹ̀ sì wà nímú wọn. Wọ́n ti rù sí i láti ọdún méjì tí mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń wò yíká bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò.

"Ọ̀gá," ni mo wí. "Màmá mi àgbà nìyẹn."

Ọ̀gá Adéṣíyàn wo bébà ọwọ́ wọn. "Wọ́n fa ara wọn kalẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbí: ọkọ̀ ń bọ̀ ní Ìlú Tuntun, mo ní ọmọ-ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀, mo fẹ́ lọ wò ó."

Màmá Àgbà ò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pàápàá. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún olùdánwò lẹ́nu ọ̀nà kò ju pé kó kà á kó sì ṣe é, àti pé bí iná mẹ́ta bá tàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ ti ṣubú.

Mo sọ fún ara mi pé kò sóhun tó bàjẹ́, pé ó tilẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá gbogbo Òkè-Agbọ̀nrín kiri, a ò lè rí ẹni tó ń béèrè tó Màmá Àgbà. Wọ́n máa ń bi pásítọ̀ ní ìbéèrè láàárín ìwàásù.

Wọ́n mú bébà náà, wọ́n yí iwájú rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó kọ èyí ò ní ìyá nílé ni, tí kò lè kí èèyàn?"

Iná kan tàn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka àkọlé rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àpótí tó wà ní ìbàdí wọn.

"Bí mo bá wá dá a padà, kí ni kí n máa fi mí?"

Iná kejì tàn. Òṣùwọ̀n ní, "Ẹ̀rọ yìí kì í dáhùn. Ka ìwé."

Ó ku ẹyọ kan. Mo di ọwọ́ mi pọ̀. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé, Màmá, ẹ béèrè, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ bi wọ́n pé agogo mélòó ló lù, ẹ bi wọ́n pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà.

Wọ́n kà á: "Ìkíní. Ẹ jókòó ná. Iṣẹ́ kì í sá."

Wọ́n tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí láìgbé ohùn sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo dígí náà tààrà bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Wọ́n wo iná méjì tó ti tàn lókè orí wọn. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni wọ́n ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá pè mí síwájú ìjọ láti ka ẹsẹ Bíbélì, tí ẹnu mi ń gbọ̀n, tí àwọn sì ń bá mi kà á lábẹ́lẹ̀ láti orí ìjókòó wọn.

Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n jókòó.

"Ìkejì. Ẹ gbé àpótí náà lé itan." Wọ́n gbé e lé itan. "Ìkẹta. Ẹ pa iná rẹ̀." Wọ́n pa á. Ìró tó ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìró yẹn tí mo fi ń sùn nílé wọn, dákẹ́. "Ìkẹrin. Ẹ yọ rọ́bà kúrò nímú." Wọ́n yọ ọ́. Ààmì pupa wà nímú wọn níbi tó ti ń fún wọn. Wọ́n húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìkarùn-ún. Ẹ fa ọkàn àpótí náà jáde."

Wọ́n fà á. Kò yẹ̀.

Ihò mi nìyẹn. Ìgbésẹ̀ tí mo yọ láàárọ̀ ló sọ pé kí èèyàn yí asẹ́ sí apá òsì títí á fi dún, kó wá tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láìṣe ìyẹn, akọni pàápàá ò lè fa ọkàn àpótí jáde, ohun kékeré inú rẹ̀ tó ń fọ afẹ́fẹ́, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń gba àpótí. Kò sí olùdánwò kan láyé tí kò ní béèrè níbẹ̀.

Wọ́n tún un fà. Wọ́n la ẹnu. Mo sún mọ́ dígí títí iwájú orí mi fi kàn án.

Wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n wo bébà náà, wọ́n wo iná méjì yẹn, wọ́n sì mi orí díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń mi orí bí mo bá rán apá aṣọ òdì. Nígbà náà ni mo lóye ohun tí wọ́n rò. Wọ́n rò pé mo gbàgbé ni. Wọ́n rò pé ọmọ wọn ṣe àṣìṣe níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀.

"Rárá," ni mo wí. "Màmá, rárá." Mo lu dígí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lù ú.

Màmá Àgbà gbé bébà náà súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ ìlà kan tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì kà á sókè kedere kí Òṣùwọ̀n lè gbọ́: "Ẹ yí asẹ́ sí apá òsì títí yóò fi dún kọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀." Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń kà á. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dún kọ́.

Mo yíjú sí Ọ̀gá Adéṣíyàn. "Ọ̀gá, ẹ dá a dúró! Kò sí nínú ìwé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni!"

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rí i láàárọ̀."

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ kúrò lára dígí.

"Mo rò pé bóyá á ṣubú, òun ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ "bóyá" lẹ́nu wọn nìyẹn. "Kò sóhun tí mo lè fi dá a dúró níbí, Ẹniìtàn. Èmi náà yọ ìgbésẹ̀ kan nígbà tí mo wà nípò rẹ. Olùdánwò tèmi béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n mú mi lọ sí oko eruku, ó pẹ́ kí wọ́n tó pè mí padà wá ṣe olùkọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹlòmíràn kọ ìwé náà, ó sì yege. Ìlú bàbá mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí."

Nínú yàrá, Màmá Àgbà ti fa ọkàn àpótí náà jáde. Ó kéré, kò ju ẹ̀pà mẹ́wàá tí wọ́n dì sínú bébà lọ. Wọ́n nù ún pẹ̀lú etí ìró wọn, torí wọn kì í dá ohun olóhun padà pẹ̀lú ìdọ̀tí. "Ìkẹfà. Ẹ gbé e sínú agbọ̀n funfun." Wọ́n gbé e síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Agbọ̀n náà wọ inú ògiri lọ.

Òṣùwọ̀n ní, "Ìbéèrè méjì. Ìwé ti yege. Ọ̀rọ̀ tí olùdánwò fi kún un ti wọ inú ìwé. A ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbàajì ilé."

Ó ti fi ránṣẹ́ kí ó tó wí i tán. Ní gbogbo Òkè-Agbọ̀nrín, láti inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri gbogbo yàrá, ohùn kan ti ń sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n jókòó ná, pé iṣẹ́ kì í sá.

Mi ò mọ bí mo ṣe gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ kan kọ́ mi lọ́rùn kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bá mi yọ̀. Màmá Àgbà dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà. Wọ́n ti tú gèlè aláwọ̀ àyìnrín yẹn, wọ́n ti fi bo imú àti ẹnu. Eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un pọ́n. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì.

Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe àṣìṣe, pé ihò yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mo kọ fún wọn láti ọdún méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gèlè náà, mo ń rí i lójú wọn, wọ́n sì gbá orí mi mú mọ́ ikùn wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó ti ṣófo.

"Àyọ̀ká," ni wọ́n wí. Àwọn nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí. "O gbàgbé asẹ́. Èmi ni mo bá ẹ tún un ṣe. Má gbàgbé rẹ̀ mọ́ o." Ikọ́ mú wọn, mo dúró títí ó fi lọ sílẹ̀. Wọ́n gbé àgbọ̀n mi sókè kí n lè wo ojú wọn.

"Ṣé o yege?"

Ìbéèrè kẹta nìyẹn. Mo bá ara mi tí mo ń wo òkè, bóyá iná kan á tàn. Ojú ọ̀run pọ́n láti ìhín dé ọ̀hún.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo wí. "Mo yege. Ẹ ṣeun."